Ọjọ́ a kú là ń dère: Ẹ jẹ́ ká wo àgbà olórin kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹni tó bá ti Bẹẹrẹ bọ̀, tó kọrí sí Agodi nílùú Ìbàdàn, yóò rí ohun méjì níbẹ̀ tó yẹ kó mú un ronú. Àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣí ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí WNTV nígbà náà, tó ti di NTA Ìbàdàn báyìí. Ìkejì ni Ọgbà Agodi. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà fún aráàlú ní 2014.

Ẹ̀yin àgbà lẹ ni ìtàn ilé tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe jẹ́ pé ilé ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò ni tọmọdé-tàgbà máa ń kó ara wọn jọ sí nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa wo Mósè Ọláìyá, ìyẹn Baba Sàlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀ pé olórin ni Baba Sàlá kó tó di aláwàdà, àti pé inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Baba Sàlá ti lọ láti ọdún 2018. Sunny Adé, tí wọ́n bí ní 1946, ṣì wà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ìbéèrè tó wá yẹ kí ará Ìbàdàn bi ara wọn nìyí: ìgbà wo ni wọ́n jókòó kẹ́yìn síwájú olórin tó ti lé ní àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ọdún, tí kì í ṣe pé olówó kan ló pè é wá síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, tó jẹ́ pé orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ kúrò nílé, tí wọ́n san owó ìwọlé, tí wọ́n sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní rí ìdáhùn gidi fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó bíi ti ọ̀rọ̀ àwọn olórin wa. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni Àlàájì Síkírù Àyìndé Barrister. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i, ìlú London ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2010, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ọmọ Ìbàdàn náà ni Dáúdà Epo Àkàrà tó fi orin awúrebe mú inú ìlú dùn, tó sì dolóògbé ní 2005. Lẹ́yìn tí irú wọn bá lọ tán ni kálukú máa ń wá àwo wọn kiri, tí wọ́n á máa sọ pé irú wọn kò sí mọ́. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ìtàn Fàtáì Rolling Dollar ló tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ọláyíwọlá Fàtáì Ọlágùnjú ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọdún 1927 ni wọ́n sì bí i. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ló ti ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá dúró. Síbẹ̀, nígbà tí ayé yí padà, baba yìí pòórá lójú agbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn kan rò pé ó ti kú. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí ilé ìtàwé àti ìtàwo-orin kan l'Ékòó, Jazzhole, tó wá a rí, tí wọ́n sì gbé àwo rẹ̀ jáde lọ́tun. Wọ́n kó òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n pe ara wọn ní Fàájì Àgbà, wọ́n sì lọ ṣeré dé New York ní 2011. Baba tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ń tẹ gìtá, ó ń kọrin, ó sì ń jó. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹfà 2013, ó kéré tán, ayé ti rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa wọn kò jáde títí di 2015, kò sì sí láyé láti wò ó.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Cuba. Akọrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ibrahim Ferrer. Ọdún 1927 tí wọ́n bí Rolling Dollar ni wọ́n bí òun náà. Ní 1996, nígbà tí wọ́n ń wá àwọn àgbà olórin jọ láti gba ohùn wọn sílẹ̀, bàtà ló ń dán fún àwọn èèyàn láti fi rówó kún owó oúnjẹ. Àwo tí wọ́n ṣe, Buena Vista Social Club, jáde ní 1997. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 1998, Ferrer ti ń kọrin ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó tún lo ọdún méje sí i láyé, ó sì ń kọrin títí ó fi kú ní 2005. Ohùn tí gbogbo ayé wá ń sáré wò yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dán bàtà ládùúgbò ló wà tẹ́lẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ìbàdàn pàápàá ní tirẹ̀. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni Orlando Julius, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti di olórin, níbẹ̀ ló sì ti kó ẹgbẹ́ Modern Aces jọ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ní 2014, àwọn ọ̀dọ́ olórin kan láti London, The Heliocentrics, ló bá a ṣe àwo tuntun tó fi rìnrìn àjò orin káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ó kú ní oṣù Kẹrin 2022. Ẹ ò rí i pé àwọn òyìnbó ló sanwó láti wo ohun tí Ìbàdàn kọ́? Ó yẹ kí ojú kó tì wá díẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn kò fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí arúgbó lọ sinmi. Wọ́n ní ìtìjú ni fún ẹni tí ohùn rẹ̀ ti ń dún bí agogo rí láti jáde wá hú síwájú èrò, pé kí wọ́n jẹ́ ká fi bí a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́jùnù. Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí máa ń mú nǹkan lára olórin. Ohùn òkè kì í lọ sókè mọ́, èémí kì í gùn mọ́, ẹsẹ̀ tó ń jó kì í gbọ́ràn mọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ inú orin tó fúnra rẹ̀ kọ á fò ó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti irú eré bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ kan, òmíràn ló ń dípò rẹ̀. Wọ́n á di baba lọ́wọ́ mú gorí pèpéle, wọ́n á fún un ní àga. Onígángan á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ojú rẹ̀ á sì yí padà. Bó bá gbàgbé ìlà kan, èrò ìwòran á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ parí fún un, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà tó ti ń sùn lórí ìjókòó á jí, á máa gbọn èjìká sí ìlù tó jó ní ọdún tó ṣègbéyàwó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dọ́ olórin lè pariwo ju baba lọ, ṣùgbọ́n baba ló mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ nínú orin, kí ìlù lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò sí nínú àwo, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Victor Ọláìyá tún orin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ṣe pẹ̀lú 2Face ní 2013, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ sinmi. Inú àwọn ọmọ tó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí dùn láti mọ ibi tí orin ti wá.

Ohun tó yẹ kó sinmi ni bí a ṣe ń lo àwọn olórin wa. Òde àríyá ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ àgbà. Olórin á kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ, onígìtá, onílù, elégbè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Owó tí wọ́n dá lé wọn lọ́wọ́ kì í tó nǹkan, èyí tí wọ́n ń ná fún wọn lójú agbo ni wọ́n ń gbójú lé. Tó bá wá di ọjọ́ tí baba kò lè dúró di ìdájí mọ́, owó parí nìyẹn. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ orin fún ìlú.

Ìnáwó yẹn gan-an ti wá di ọ̀rọ̀ òfin. Òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde tàbí tó ń jó lé e lórí ti ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi òfin yìí ṣeré títí di oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán Idris Okuneye, tí wọ́n ń pè ní Bobrisky, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀sùn yìí. Bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún olórin lówó bá wá di ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, ṣé kò yẹ ká wá ọ̀nà mìíràn?

Ọ̀nà náà kò jìnnà. Kí wọ́n ṣètò eré orin àgbà sí Ọgbà Agodi lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó parí láago mẹ́fà, kí òkùnkùn má bá àgbà lọ́nà. Kí àga wà fún olórin, kó wà fún èrò ìwòran náà. Kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì níye tí ará Ọjàaba àti Bẹyẹrunka lè rà, kí wọ́n sì ti san owó olórin pé kó tó kúrò nílé. Lásìkò òjò, gbọ̀ngàn Mápó wà láàárín ìlú. Kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Agodi náà gbé kámẹ́rà wá, kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n bá yà. Kí rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó wà lóko ní Àkànrán tàbí Ìdó, tí kò lè wọkọ̀ wá sígboro, lè gbọ́ ọ nílé rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn tí orúkọ wọn kárí ayé nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ebenezer Obey, tí wọ́n bí ní 1942, ti kọjá ọgọ́rin ọdún, Sunny Adé àti Kollington Àyìnlá náà ti dàgbà, ó sì yẹ ká wò wọ́n nígbà tá a ṣì lè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n inú àwọn agboolé wa, ní Mápó, ní Bẹẹrẹ, lábúlé tí ẹ wà, onísákárà wà níbẹ̀, onídùndún wà níbẹ̀, ìyá tó ń kọ wákà nígbà kan wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bi pé kí ló mọ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ dárúkọ wọn fún àwọn ọmọ yín. Ẹ rán ọmọ lọ kí wọn. Bí ẹ bá ní ayẹyẹ, ẹ pè wọ́n ní ọ̀sán fún wákàtí kan, ẹ san owó wọn pé, ẹ sì jókòó gbọ́ wọn.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Àga náà kò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, torí bí wọ́n bá ti lọ, ère la ó máa rí, ère kì í sì í kọrin.