Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ Kò Gbọdọ̀ Jìnnà sí Ilé

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ." Òwe yìí fi ìwà wa hàn gbangba. Bí wèrè bá ń jó ní ọjà, tọmọdé tàgbà ni yóò pé lé e lórí, tí wọn yóò máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹni ni, ẹ̀rín a di ẹkún, òbí rẹ̀ a sì máa wá ibi tí yóò fi ojú sí. Láàárín ẹ̀rín àwọn ará ọjà àti ìtìjú àwọn ará ilé, aláìsàn náà kì í rí ẹni tí yóò bi í léèrè pé, "Kí ni ó ń dùn ọ́?" Èrò tèmi ni pé àrùn ọpọlọ jẹ́ àìsàn, gẹ́gẹ́ bí ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ́ àìsàn, àti pé ìwòsàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ilé aláìsàn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó bá já aṣọ sílẹ̀ nìkan ni àìsàn yìí ń ṣe. Àgbẹ̀ tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ ìró alùpùpù. Ìyá ọmọ tuntun tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tí kò sì fẹ́ rí ọmọ náà sójú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àníyàn kò jẹ́ kí ìwé wọ̀ ọ́ lórí mọ́: gbogbo wọn ni ó nílò ìtọ́jú. Másùnmáwo tí ó pẹ́ lára ènìyàn lè di àìsàn tí yóò dá a gúnlẹ̀.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, a ti rí ohun tí ó lè da ọkàn ènìyàn rú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Ọlúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn tún kọlu ìjọ Kátólíìkì St Francis ní ìlú Ọ̀wọ̀. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ni ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀. Kíákíá ni a gbé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà nínú ìlú náà. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ mìíràn wà tí kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó sá àsálà, tí kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, lè máa rí ìran ọjọ́ náà lójú oorun fún ọdún púpọ̀. Ọgbẹ́ ara a máa rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọgbẹ́ ọkàn a sì máa dúró títí yóò fi kẹ̀.

Kí ni ó ń fa ìdádúró yìí? Ìtìjú ni àkọ́kọ́. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà láàárín wa pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò ní ìwòsàn mọ́. Nítorí èyí, àwọn ará ilé a máa fi aláìsàn pamọ́ sí ìyẹ̀wù, kí ọjà má baà rí i. Wọn a gbàgbé pé bí ojú bá ń ṣe ipin, ojú ni à á fi í hàn. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 83 ni ẹ̀rù yóò bà láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ lásán bá ń bà wá lẹ́rù, báwo ni a ó ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Àwọn kan a máa sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ àìsàn òyìnbó. Irọ́ ni. Ní ọdún 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ará Abẹ́òkúta àti àwọn ìletò ibẹ̀ wò. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1963, wọ́n sì fi hàn nínú rẹ̀ pé irú àìsàn ọkàn tí ó ń ṣe àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣe àwa náà.

Lámbò yìí kan náà ni ó fi ọ̀nà hàn wá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìlú òyìnbó ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Dandan ni kí ó kéré tán ìbátan kan bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn ń lo oògùn, síbẹ̀ kò kúrò láàárín ènìyàn. Ó ń kí ará ilé, a sì ń kí i padà. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ òkìkí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹbí pàápàá jẹ́ apá kan ìwòsàn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Àwọn oníṣègùn wa ńkọ́? Àwọn wòlíì ńkọ́?" N kò sọ pé kí a lé wọn dànù, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sáré lọ, Lámbò pàápàá sì bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn oníṣègùn àti àwọn onígbàgbọ́ tí ń wo aláìsàn bá ti fi ọwọ́ so ọwọ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn tí oníṣègùn nìkan ń tọ́jú lọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. A kì í na ẹni tí ibà ń ṣe. Èéṣe tí a ó fi na ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn?

Ìdí kejì fún ìdádúró ni ọ̀nà jíjìn àti owó. Ìwádìí mìíràn tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí àrùn ọpọlọ wọn le, nǹkan bí 8 péré ni ó rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan. Ẹ ro ti àgbẹ̀ tí ó wà ní Òkèlúsè tàbí ní Ìdóàní. Bí a bá ní kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ tàbí sí Àrò, owó ọkọ̀ ń dúró dè é, owó oògùn ń dúró dè é, ewu ojú ọ̀nà náà sì ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kan, agbára káká ni yóò fi lọ lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn àrùn ọpọlọ kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan kí a sì fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, kí a kọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó kéré tán, ní ibùdó ìlera kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ láti mọ àìsàn yìí àti láti tọ́jú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń tẹnu mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2008. Kí dókítà máa yí ká ní ọjọ́ tí a dá. Kí oògùn má ṣe wọ́n ní ibùdó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958 lórí ọ̀ràn wèrè. Òfin tuntun yìí kò fẹ́ kí a máa fi ilé tàbí iṣẹ́ du alárùn ọpọlọ. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í wo aláìsàn sàn, àfi bí a bá mú un lò dé abúlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má ṣe sọ òkò lu wèrè, ẹ má sì ṣe tẹ̀ lé àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín. Bí ọ̀rẹ́ yín bá dákẹ́ jù bí ó ti yẹ lọ, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ tàbí òbí. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ní òun kò lè sùn mọ́, ẹ má ṣe wí pé ọ̀lẹ ni. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ènìyàn, ìrètí ìwòsàn wà fún un, ìbáà jẹ́ pé ó ti wọ ọjà.