Ẹ Yé Fi Ọ̀dà Bó Àwọ̀ Wa

Àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tún ti ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya àwòrán ojú ènìyàn ní Ọ̀fà kò sì ní ráyè sùn. Àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá fẹ́ ti ara wọn, àwọn mìíràn fẹ́ ti bàbá tàbí ìyá tó rán wọn níwèé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló ń san owó ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí oníbàárà máa ń sọ kó tó san owó àsansílẹ̀, tí àwọn ayàwòrán wa sì ti gbà bíi pé òfin ìjọba ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dúdú jù o."

Kí ni "jù"? Ta ló fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n?

Àwa tí a ń kọ èyí ń ya àwòrán, a sì ń tà á, nítorí náà a kò bá oníbàárà jà. Àwọn akẹgbẹ́ wa ni a ń bá wí, àwọn tó ń sọ pé ẹni tó lówó ló lọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń da ọ̀dà funfun lu gbogbo nǹkan títí ojú ọmọ ènìyàn yóò fi rí bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò para lásìkò ọyẹ́. Ẹ ṣí àpótí ọ̀dà wọn wò. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ tán. NAFDAC ń lé àwọn tó ń ta ìpara ìbóra kiri ọjà, àwọn ayàwòrán wa ń ta tiwọn nínú férémù, kò sẹ́ni tó mú wọn.

Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọ̀ dúdú ṣòroó kùn, pé tí ẹ bá jẹ́ kó dúdú bó ṣe rí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní yọ mọ́. Irọ́ pátápátá ni. Àìmọṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀.

Èdè wa ti sọ bí wọ́n ṣe ń kun àwọ̀ dúdú kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra búrọ́ọ̀ṣì. Adúmáadán ni Yorùbá ń pe ẹni tó dúdú tó rẹwà: ó dúdú, ó sì ń dán. Dúdú yẹn dúró síbi tó wà, dídán ló wá ń fi ìrísí ojú hàn. Ẹ lọ sí ọjà Owódé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ wo ojú àwọn ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kéré, ó sì mú bí abẹ, nítorí pé àwọ̀ tó yí i ká dúdú. Lára ẹni tó pupa, ìmọ́lẹ̀ kan náà kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá fi funfun po gbogbo ojú ti pa dídán náà, torí kò síbi tí yóò ti yọ mọ́. Á tún wá funfun sí i láti fi wá a. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ṣe ń tán.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kánfáàsì funfun báláú ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Lórí funfun, àwọ̀ ara yòówù tí ẹ bá kọ́kọ́ fi síbẹ̀ á dà bíi pé ó ti dúdú jù, ọwọ́ yín á sì sáré lọ sídìí funfun láti tún un ṣe. Ojú ló tàn yín jẹ. Ẹ fi tapẹntáìnì la burnt sienna, kí ẹ fi kun kánfáàsì náà látòkè délẹ̀ kó rí bí ilẹ̀ pupa, kó gbẹ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, ẹ po burnt umber mọ́ ultramarine. Dúdú tó máa jáde á lẹ́mìí, kò ní dà bí ihò. Etí, imú àti ètè ni ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ òde, pupa díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Iwájú orí máa ń gba yellow ochre. Àgbọ̀n ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n máa ń rí bíi pé aró kàn án. Dídán ni ẹ ó fi kẹ́yìn, òun náà kò sì funfun: lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, àwọ̀ ojú ọ̀run ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ gílóòbù, ó ń lọ sí àwọ̀ ọsàn. Eyín àti ẹyinjú pàápàá kò funfun tó bébà. Tí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ dijú díẹ̀, kí ẹ máa wo ẹni náà láàárín ìpéǹpéjú yín. Ojú tó là rekete máa ń purọ́ nípa ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin oníbíró àti oníléèdì náà ńkọ́? Ẹ̀ ń fi iwájú orí ènìyàn sílẹ̀ ní funfun bébà, ẹ ní ó ti parí. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Bíró lásán ló fi gba orúkọ. Ó ń fà á ní ìlà lórí ìlà títí awọ ara á fi dúdú tí á sì máa kọ mànà bíi irin. Kerry James Marshall, ará Amẹ́ríkà, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: oríṣiríṣi ọ̀dà dúdú ló ń lò, ó ń fi àwọ̀ mìíràn lù wọ́n kí wọ́n lè yàtọ̀ síra, àwọn ènìyàn inú iṣẹ́ rẹ̀ sì dúdú kirikiri, síbẹ̀ a rí imú, a rí ètè, a rí ẹni tó ń bínú. Iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Past Times, tó kùn ní 1997, ni wọ́n tà ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún dọ́là. Ẹni tó rà á kò ní kó bá òun jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Fọ́tò orí fóònù tún dá kún un. Oníbàárà á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fóònù ti fọ ojú rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti mú un mọ́lẹ̀, ayàwòrán á wá da tirẹ̀ lé e. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi wọn àwọ̀, ojú obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ráhùn pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò ni wọ́n tó tún fíìmù náà ṣe. Àga rí ojúrere kí adúláwọ̀ tó rí i! Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ kùn wá jókòó, ì báà ṣe fún wákàtí kan péré.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló kọ́ wa ní irú kíkùn yìí, àwọ̀ òyìnbó sì ni ìwé wọn ń kọ́ni. Ìwé mìíràn wo ni Aina Onabolu ní? Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn tó wá láti òkè òkun ló ń wò tó fi kọ́ ara rẹ̀, ní àsìkò tí àwọn òyìnbó gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya irú rẹ̀. Ní 1906 ó ti kun àwòrán Mrs Spencer Savage ní Èkó. Ọdún 1920 ló tó lọ sí London láti lọ kàwé sí i, ó sì padà dé ní 1922 láti máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ìjà tirẹ̀ ni pé ọwọ́ dúdú lè mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó jà á, ó borí. Ẹ̀yin tí ẹ bá búrọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ láìjà, àwọ̀ ọwọ́ yẹn gan-an lẹ wá ń pa rẹ́.

A mọ èsì tí ẹ ó fọ̀: pé ayàwòrán lómìnira, pé Amy Sherald kun Michelle Obama ní àwọ̀ eérú ní 2018, ayé sì yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo adúláwọ̀ tí Sherald ń kùn ló ń kùn bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Tiyín kì í ṣe òmìnira, ẹnu oníbàárà lẹ̀ ń wò. A kò sì sọ pé kí ẹ sọ apọ́nbéporẹ́ di dúdú. Ẹni tó pupa, ẹ kùn ún ní pupa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti ṣàlàyé pé "à-wò-rántí" ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán". Kí ni ẹni tó bá wo iṣẹ́ yín fẹ́ rántí? Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kíláàsì wa kan gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú fún ayàwòrán kan. Ìyá náà dúdú bíi kóró iṣin, ó sì ní ilà lójú. Èyí tó jáde nínú férémù pupa, kò ní ilà kankan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ ogún ọdún. Wọ́n gbé e fún bàbá. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta nìyí?"

Ẹgbàá mẹ́wàá náírà ni ọmọ yẹn san.

Nítorí náà, ní ti àwa, ẹni tó bá fẹ́ kí a ya òun ní sáà yìí, kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, kó para bó ṣe máa ń para lójoojúmọ́. Fún òkú nìkan ni a ó gba fọ́tò, kí ẹ sì mú ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dáadáa dání, kí a lè máa bi í léèrè bí a bá ti ń po ọ̀dà. Ẹni tó bá ní kí a má jẹ́ kí òun dúdú jù, a ó dá owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.