Ohun Ìdàsórí Sàláàdì Tí Kò Ní Ẹyin, Tí Kò Sì Ní Ọtí



Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbé ní Rumuokwuta, ní ìlú Port Harcourt, ẹ mọ̀ pé rírí kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà rà lọ́jà kì í ṣe ìṣòro. Ohun tí a ó dà sórí wọn ni ó ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí a bá fi ẹyin tí a kò sè po ó nílé, tí iná mànàmáná sì lọ, kòkòrò tí ojú kò rí lè pọ̀ nínú rẹ̀ kí àwọn àlejò wòlímọ̀ tó jẹun tán. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Músítáàdì lè gbà wá lọ́wọ́ èyí. Hóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Àlùkùránì Alápọ̀nlé fi ṣe àpẹẹrẹ ìwọ̀n tí ó kéré jọjọ, nínú Súrà Lukman, áyà 16. Bí àlùbọ́sà kì í ti í ta ni lójú títí a ó fi gé e, bẹ́ẹ̀ ni músítáàdì kì í ta títí a ó fi lọ̀ ọ́, tí a ó sì fi omi tútù pò ó. Omi gbígbóná a máa pa agbára náà. Fínígà ni kì í jẹ́ kí títa rẹ̀ tètè ṣá. Nítorí náà, omi tútù ni àkọ́kọ́, fínígà ni ó tẹ̀ lé e.

Ẹ lọ ṣíbí ńlá 4 hóró músítáàdì kúnná. Ẹ fi ṣíbí ńlá 3 omi tútù pò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí ńlá 2 fínígà, iyọ̀ díẹ̀ àti oyin díẹ̀ sí i. Yóò korò lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n yóò rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Fún sàláàdì, ẹ da ṣíbí kékeré 1 nínú rẹ̀, ṣíbí ńlá 1 fínígà àti ṣíbí ńlá 3 òróró sínú ìgò, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì í dáadáa. Músítáàdì ni kì í jẹ́ kí òróró àti fínígà tètè pínyà.

Bí ẹ bá fẹ́ kùkúńbà kíkan, ẹ se ife 1 fínígà, ife 1 omi, ṣíbí ńlá 1 iyọ̀ àti ṣíbí kékeré 1 odidi hóró músítáàdì títí yóò fi hó, kí ẹ dà á lé kùkúńbà tí ẹ ti gé sínú ìgò mímọ́. Ẹ má ṣe dín fínígà kù, nítorí kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí kòkòrò gbèrú. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Níbi tí iná kò bá ti dúró, ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá sì ra músítáàdì inú ìgò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, nítorí wọ́n a máa fi wáìnì sí òmíràn, pàápàá irú èyí tí a mọ̀ mọ́ ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé. Ti fínígà yàtọ̀: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yìn ín gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń jẹ oúnjẹ, nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Muslim gbà wá.

Ẹ rántí pé ara ẹlòmíràn kì í gba músítáàdì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún tàbí tí ètè rẹ̀ wú lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, kí ó jáwọ́, kí ó sì tètè lọ rí dókítà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa, kí ó sì sọ ọ́ di ìlera fún wa. Àmín.