A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Bi Àwọn Olùdíje Nípa Ọ̀nà Èsìẹ́ sí Òwu

Ìwé ìròyìn yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, èmi náà kò sì wá polongo fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ka.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ ní ìpàdé wa pé ó yẹ kí a la ọ̀nà àfẹsẹ̀rìn kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, títí dé ibi omi Òwu, nítòsí Òwà Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Èrò tí ó dára ni. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ilé tí a dá sílẹ̀ fún wọn ní 1945 sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Omi Òwu ní tirẹ̀ ń já láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 120 mítà. Bí àlejò bá lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi kan dé èkejì, kí ó sùn ní abúlé wa, kí ó jẹ iyán wa, kí ó ra aṣọ òfì àti òrí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, owó yóò wọ ọwọ́ àwọn tí owó ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ń du ipò alága àti kánsẹ́lọ̀ ti sọ ọ́ di ìlérí.

Ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ọ̀kankan nínú wọn ni bí a ó ṣe mọ ibi tí ọ̀nà náà yóò gbà, àti ẹni tí yóò sọ ọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí, nítorí iṣẹ́ mi ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Abala kẹfà òfin náà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti wọ ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, kí ó sì lò ó fún iṣẹ́ ìlú. Abala kan náà sọ pé ẹni tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gba owó gbà-má-bínú lórí ohun tí ó ti ṣe sórí ilẹ̀ náà. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ oko ni, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ilẹ̀ mìíràn láti fi dáko. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 44, fi kún un pé owó náà kò gbọdọ̀ falẹ̀, àti pé olóhun lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀yìn ìgbà tí a ti fa ìlà tán ni gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Abala kẹfà yẹn kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó kọ́kọ́ bi àgbẹ̀ léèrè pé, “Baba, níbo ni kí a gbà?” Ó mọ bí a ṣe ń sanwó igi, kò mọ bí a ṣe ń yẹra fún un.

Mo ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amòfin, opó kan wá bá mi. Wọ́n la ọ̀nà gba inú oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì gé igi irúgbá mẹ́ta tí ó fi ń ṣe irú tà. A pe ẹjọ́, a jàre, ó sì gba owó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ní ọjọ́ tí mo kó owó náà lọ fún un, ó mú mi dé oko. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn igi náà wà rí, ilẹ̀ àpáta kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí. Ó ní, “Lọ́yà, bí wọ́n bá bi mí ni, ǹ bá ti fi ibí hàn wọ́n.” N kò rí èsì kankan fọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi nìkan. Àwòrán ilẹ̀ tí a bá yà nínú ọ́fíìsì ní Ìlọrin kò lè sọ fún wa pé odò tí ó gbẹ ní oṣù kejì a máa bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Kò lè fi ìgbàlẹ̀ hàn, níbi tí àṣà wa kò gbà kí obìnrin wọ̀. Ṣé a ó mú àlejò obìnrin gba ibẹ̀ kọjá, kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀jẹ̀ àti ìjọba? Kò mọ ibi tí àwọn Fúlàní tí ń gbé láàrin wa ń da màlúù gbà lọ sí odò. Kò sì mọ ipa ọ̀nà tí àwọn ọdẹ kì í gbà lóru, àti ìdí rẹ̀. Ní àkókò yìí tí ìbẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kí àgbẹ̀ mìíràn lè dá lọ sí oko, ọ̀nà tí a kò bá fi ti ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ ìlú yàn lè di ọ̀nà tí a fi ń fa àlejò lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ìpàdé púpọ̀ a máa dá iṣẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa. Ní 1935, akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Tom Stephenson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí ọ̀nà àfẹsẹ̀rìn gígùn kan wà lórí àwọn òkè Pennine. Ọdún 1965 ni wọ́n tó ṣí i. Gígùn rẹ̀ tó 268 máìlì. Ó gba inú oko kọjá, ó gba orí ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣọdẹ ẹyẹ, ó sì di dandan kí wọ́n bá àwọn onílẹ̀ dúnàádúrà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1949 tún pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbà, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ìgbìmọ̀ abúlé. N kò ní kí àwa náà lo ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà náà ṣì wà, àwọn ènìyàn sì ń rìn ín títí di òní. Ẹjọ́ opó kan ṣoṣo gba ọdún mẹ́rin. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kan péré ni ìbá ti mú kí ó má wáyé.

Kí a má sì tan ara wa jẹ. Bí olùdíje bá gbé obì àti àpò owó wọ ààfin, tí ó bá ọba àti ìjòyè mẹ́ta sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, kò tíì gbọ́ ohùn ìlú. A bọ̀wọ̀ fún àwọn ọba wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba ni í wọ igbó lọ ká irúgbá.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá dé àdúgbò yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Èkíní: ṣé ìpàdé yóò wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí a tó fa ìlà kankan, ní àkókò tí àgbẹ̀ ti dé láti oko, tí àwọn obìnrin yóò sì ní ìjókòó tiwọn?

Èkejì: ṣé àwọn tí yóò ya àwòrán náà yóò bá àgbẹ̀, ọdẹ, olórí àwọn Fúlàní àti àwọn ìyá tí ń ṣe òrí àti irú rin ilẹ̀ náà, lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́ẹ̀kan nínú òjò?

Ẹ̀kẹta: ṣé a ó lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri ní ààfin, ní ọjà àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè sọ tirẹ̀, kí a sì kọ èsì padà fún un?

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ àlejò, èló ni yóò padà sí abúlé tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ̀nà náà?

Ẹ má gbàgbé pé ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ọ̀nà yìí yóò là kọjá. Alága tí ó bá ń ṣèlérí láì tíì bá èkejì rẹ̀ jókòó, inú igbó ni ọ̀nà rẹ̀ yóò já sí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ibi kan kò bá ṣeé gbà, ibòmíràn wà, ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ dìbò fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a dìbò ní wọ́ọ́rọ́wọ́.