Ohun Tí Kò Lè Hù Padà Ni Kó Gbẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan eyín nínú iṣẹ́ míṣọ́n. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìjọ, ó ti wọ inú owó ìgbéyàwó, ó sì ti ń mú kí àwọn ọmọ wa fi eyín tó dára ṣòfò nítorí fọ́tò.

Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Plateau. Àwọn òbí rẹ̀ bá òwò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Onítẹ̀bọmi tó gbé ìjọ wa dé ìhà Àríwá. Ìhà Langtang ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ a máa gbé ọkàn ènìyàn sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á lẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti bo ẹnu kí ẹ̀rín náà tó jáde. Àbàwọ́n búráùn wà lójú eyín rẹ̀ iwájú, bí ẹni pé ó ti ń jẹ obì láti kékeré. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kì í fọ ẹnu. Irọ́ ni. Omi ló fà á. Omi inú ilẹ̀ àgbègbè náà ní fluoride púpọ̀. Bí ọmọdé bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú erìgì, eyín náà yóò gbé àbàwọ́n jáde ni. Kò sí pákò tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì, ó kó àjọ rẹ̀, ó lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kan ní ìlú ńlá. Wọ́n fi fọ́tò òṣèré kan hàn án lórí fóònù, wọ́n ní, "Bí tìrẹ yóò ṣe rí nìyí." Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, wọ́n ti sọ pé àwọn yóò rẹ́ ojú eyín mẹ́wàá lókè, àwọn yóò sì fi veneer bò wọ́n, ìyẹn ìbòjú tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Wọn kò ya x-ray. Wọn kò béèrè bóyá erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gba ìdajì owó, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Alẹ́ Ọjọ́rú ló wá bá mi pé kí n gbàdúrà kí iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Mo sọ fún un pé n óò gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò ní fi àdúrà dípò ìbéèrè.

Kí n tó dojú kọ àwọn tó ń ta ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwa ará ilé sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn àgbà kan nínú ìjọ, wọ́n ní asán ni. Wọ́n ṣí Pétérù Kìíní 3 fún un, wọ́n ní ẹwà obìnrin Kristẹni kì í ṣe ti òde ara. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò ka ibẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ kẹta dárúkọ irun dídì, wúrà àti aṣọ pa pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Pétérù ń fi òfin de gbogbo ohun tó dárúkọ níbẹ̀, a jẹ́ pé aṣọ wíwọ̀ náà di èèwọ̀ nìyẹn. Ohun tí obìnrin gbé iyì rẹ̀ lé ni àpọ́sítélì ń sọ. Orin Sólómọ́nì 4:2 sì yin eyín olólùfẹ́, ó fi í wé àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn baba wa náà sọ pé funfun niyì eyín. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá arábìnrin yìí wí fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu, kò sì burú. Èé ṣe tí ti ọmọbìnrin yìí fi wá di asán?

Ẹ rántí obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ fún ọdún 18 nínú Lúùkù 13. Olórí sínágọ́gù ní kí wọ́n máa wá gba ìwòsàn lọ́jọ́ mìíràn. Lóòótọ́, obìnrin náà ì bá lè dúró di ọjọ́ kejì, àìsàn náà kò ní pa á. Jésù kò dá a dúró. Ọmọbìnrin tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu láti kékeré ń ru ẹrù. Ẹni tó pe ẹrù náà ní asán kò tíì rù ú rí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní kí ènìyàn má tún eyín rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n fi ìgbẹ̀yìn ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ohun líle tó bo eyín lóde, tí àwọn dókítà ń pè ní enamel, kò sí ohun tó le tó o nínú gbogbo ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gé èékánná, yóò hù. Bí egungun bá ṣẹ́, yóò so. Enamel kì í hù padà láéláé, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣe é kì í sí mọ́ nígbà tí eyín bá ti yọ sínú ẹnu. Kí wọ́n tó lẹ veneer, wọ́n sábà máa ń rẹ́ nǹkan bí ìdajì mìlímítà kúrò lójú eyín. Bí ó bá jẹ́ crown, tó ń dé gbogbo orí eyín bí fìlà, ohun tí wọ́n máa gé dànù lè ju ìdajì eyín tó hàn sójú lọ. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "Turkey teeth". Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Tọ́kì pé òun ń lọ ṣe veneer lè débẹ̀ kí ó jẹ́ pé crown ni wọ́n ṣe fún un, kí eyín tó kù lábẹ́ rẹ̀ sì ti di ṣóńṣó.

Ìbòjú náà kì í sì í ṣe ohun ayérayé. Veneer tó dára, tí wọ́n tọ́jú dáadáa, sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15. Ẹ bá mi ṣírò. Ọmọ ọdún 28 tó bá fi mẹ́wàá sẹ́nu lónìí lè pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀méjì sí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó pé ẹni 70 ọdún. Àjọ ìgbéyàwó ló san ti àkọ́kọ́. Ta ni yóò san ti ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ bá ti wọlé? Nínú Lúùkù 14:28, Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú fọ́tò òṣèré kì í ṣe ìjókòó.

Báwo ni ètò tó tọ́ ṣe ń lọ? Àyẹ̀wò ni àkọ́kọ́. Dókítà eyín yóò béèrè nípa àtọ̀gbẹ, nítorí òun àti àìsàn erìgì a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Yóò béèrè bóyá ẹ lóyún, àti bóyá ẹ máa ń payínkeke lójú oorun, nítorí ìpayínkeke a máa fọ́ veneer. Yóò ya x-ray, torí pé kòkòrò tó wà láàárín eyín méjì kì í hàn sójú. Lẹ́yìn náà, yóò wo erìgì sàn, yóò dí eyín tó ti lu, yóò sì ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín kúrò. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé níbí yìí ni ètò rẹ̀ parí sí. Tíì àti obì ló pa á láwọ̀ dà, àṣé eyín rẹ̀ funfun lábẹ́ rẹ̀.

Bí àwọ̀ bá ṣì ń dùn yín, ó kan oògùn tó ń sọ eyín di funfun. Aláboyún kì í lò ó. Ó lè mú kí omi tútù máa ta yín léyín fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sì lè yí àwọ̀ veneer, crown tàbí ohun tí wọ́n fi dí eyín padà. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn, kí wọ́n sì dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ eyín. Bí eyín bá wọ́, wáyà lè tò ó, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọdún kan tàbí méjì. Àwọn tó ń kánjú ló máa ń rẹ́ eyín wíwọ́ kí ó lè dà bí títọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo ohun tí wọ́n lè fi kún eyín kí wọ́n tó wo ohun tí wọ́n lè yọ kúrò. Composite wà, ohun rírọ̀ tó ní àwọ̀ eyín, tí wọ́n ń mọ mọ́ eyín tí yóò sì le. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gé eyín nítorí rẹ̀. Bí veneer bá wá di dandan, dókítà tó mọ iṣẹ́ yóò fi ìda mọ àwòrán eyín náà, yóò sì fi ohun ìgbà díẹ̀ dán an wò lẹ́nu yín. Ẹ ó wo dígí, ẹ ó sọ̀rọ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó lọ fi han ẹni tó fẹ́ràn yín. Gbogbo èyí yóò ṣẹlẹ̀ kí irin tó kan eyín. Ohun tí kò lè hù padà ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ẹni tó sọ fún yín pé eyín yín burú. Mo mọ ẹni tó ń wá owó láti fi dí eéjí rẹ̀. Eéjí! Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tí kò ní in a máa jẹ́ kí wọ́n fi irin la eyín òun kí òun náà lè ní in. Wọ́n fi eyín ṣòfò láti la eéjí nígbà náà, a tún ń fi eyín ṣòfò láti dí i báyìí. Àṣà tó yí padà lẹ́ẹ̀kan yóò tún yí. Enamel kò ní bá a yí padà.

Ẹnìkan yóò ní, "Eyín mi ni, owó mi ni." Bí ẹ kò bá tíì gba Kristi, n kò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbà á, Kọ́ríńtì Kìíní 6 ti sọ fún yín pé ẹ kì í ṣe ti ara yín. Àwọn àgbà tó ń pe gbogbo ìtọ́jú ní asán ń ṣi ibẹ̀ lò. Ìríjú ni ọ̀rọ̀ náà. Ìríjú a máa tún ilé ọ̀gá rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í wó ògiri tó dúró dáadáa kí ó lè fi táìsì tuntun bò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó síwájú dókítà, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún. Kí ló fa ohun tí mo ń rí yìí? Mélòó nínú eyín mi ni ẹ máa gé, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó? Kí ló wà tí a lè ṣe láìgé nǹkan kan? Ọdún mélòó ni yóò lò, èló sì ni pípààrọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹ lè dán an wò lẹ́nu mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ṣé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, torí àwọn kan wà tí wọ́n ń lẹ veneer ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge láìjẹ́ dókítà. Dókítà tó ṣeé fọkàn tán kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ẹ dìde.

Arábìnrin wa kò lọ lọ́jọ́ Ẹtì náà. Nínú owó tó ti san, wọn kò dá gbogbo rẹ̀ padà, ó sì dùn ún. A bá a wá dókítà mìíràn ní ilé ìwòsàn ńlá kan. X-ray fi hàn pé kòkòrò ti jẹ eyín ìlọ̀ kan wọnú, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Wọ́n tọ́jú ìyẹn àti erìgì rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra fi oògùn fá ojú àbàwọ́n náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n lo oògùn afúneyín, wọ́n sì fi composite sára eyín méjì péré. Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí ọjọ́ ìgbéyàwó fi dé, àbàwọ́n díẹ̀ ṣì hàn. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀jẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kù síbi kan, àwa òṣìṣẹ́ míṣọ́n ló sì kàn. Ètò tó dára ń bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí fluoride inú omi mímu má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan. Àwa ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé, a ń gbàdúrà sí i, a ń kọ orúkọ ẹni tó dáwó sára ògiri. Mélòó nínú wọn ni a ti gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò? Bí àwọn àbúrò arábìnrin yìí bá ṣì ń mu omi náà, kí la ń wàásù asán sí?

Olúwa tó dá eyín, dá ẹ̀rín, yóò fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú méjèèjì. Àmín.