Ọmọṣẹ́ Tí Wọ́n Pè Lólè: Òfin Lóhun Tó Wí

 

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní gbé e pamọ́. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀gá ka ẹrù lálẹ́, ó rí i pé àǹkárá márùn-ún ò sí mọ́, tàbí pé owó ọjà ò pé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ tó ń bá a tajà ti dolè. Wọ́n á gbá a létí, wọ́n á tú aṣọ lára rẹ̀ lójú gbogbo ọjà, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Tí wọ́n bá wá rí ẹrù náà lábẹ́ àpò lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́? Ta ló máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láti sọ pé ọmọ náà ò jalè?

A ò sọ pé kò sí ọmọṣẹ́ tó ń jalè o. Ó wà, ó sì ti ba òwò ẹlòmíì jẹ́. Ohun tá à ń sọ ni pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 36, ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ á fi dá a lẹ́bi. Abala 34 sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá èèyàn lóró tàbí kó tẹ́ ẹ. Torí náà, ẹni tó bá lu ọmọṣẹ́, tàbí tó tì í mọ́nú ìsọ̀, òun gan-an ti dáràn, bí ọmọ náà bá tiẹ̀ jalè lóòótọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsọ̀, àti ẹ̀yin ìyá tọ́mọ yín ń bá èèyàn ṣiṣẹ́, ẹ fetí sí èyí.

Èkíní, ẹ má sá lọ. Ẹ ní kí wọ́n ka ẹrù náà lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ má fọwọ́ síwèé pé ẹ máa san án nítorí ẹ̀rù.

Èkejì, tó bá dé tèṣọ́n, abala 35 fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà tàbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ó yẹ kí wọ́n gbé yín débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri. Wọn ò sì gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ. Òfin Èkó sọ bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó oṣù téèyàn ti ṣiṣẹ́ fún, tirẹ̀ ni. Labour Act ò gbà kí ọ̀gá kàn dá owó ẹrù tó sọnù yọ nínú rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, àfi kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí wọ́n pè lólè láìnídìí lójú àwùjọ lè pẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Tí kò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà níbẹ̀, wọn kì í gbowó.

Ẹ̀yin ọ̀gá, òfin ò ní kẹ́ ẹ máa wo olè níran. Ẹ máa ka ẹrù pẹ̀lú ọmọṣẹ́ yín láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ iye ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Tí nǹkan bá sọnù, ẹ pe ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí ariwo tó ta. Tẹ́rìí bá wà, ẹ gbé e lọ sí tèṣọ́n, kí kóòtù dá a.

Ọmọ tá à ń pariwo lé lórí lónìí, ẹnìkan ló bí i. Àwọn tiwa náà ń bá ẹlòmíì tajà lọ́jà míì. Bá a bá ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí tiwa ni ká ṣe sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa.