Ta ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tó jó lórí tẹlifíṣọ̀n? Ìdáhùn mi rèé

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ gẹrun ní Pansẹ́kẹ́. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ariwo àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tí mo bá níbẹ̀ bo ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe owó epo ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, kì í sì í ṣe ìbò. Ọ̀kan nínú wọn rí fídíò kan lórí fóònù, látinú ètò ijó táwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó ti jó níbẹ̀ rí, Zendaya ló gbajúmọ̀ jù lágbàáyé. Èkejì ní irọ́ ńlá ni, Kim Kardashian ni. Bábà tó ń gẹ orí mi lọ́wọ́ dá ẹ̀rọ dúró, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ Holyfield?"

Ni wọ́n bá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ìròyìn, ẹ bá wa dá a." Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ rò ó. Mo ti rò ó. Ẹ kà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ètò tí à ń sọ. Lọ́dún 2004 ni BBC bẹ̀rẹ̀ Strictly Come Dancing ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2005 ni ABC gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Dancing with the Stars. Lẹ́yìn ìyẹn, orílẹ̀-èdè tó ti ra irú ètò náà ti lé ní 60. Bó ṣe ń lọ ò le: wọ́n á mú ẹni tó ti lórúkọ nídìí nǹkan mìíràn, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ oníjó tó fi ijó ṣiṣẹ́ jẹun, onítọ̀hún á kọ́ ọ ní waltz, tango, salsa àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onídàájọ́ á fún wọn ní máàkì, àwọn tó ń wòran nílé á dìbò, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì máa dá àwọn tó bá rẹ̀yìn padà sílé títí yóò fi ku ẹnì kan.

Ó yá, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn mẹ́fà péré ló díje ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 yẹn. Evander Holyfield wà níbẹ̀, akànṣẹ́ tí Mike Tyson gé létí jẹ lọ́dún 1997. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún ní Abẹ́òkúta, yóò sọ ìtàn etí yẹn fún yín bí ẹni pé ojú ẹ̀ ló ṣe. Àmọ́ Holyfield ò dé ìparí ìdíje. Kelly Monaco ló gbé ife náà, òṣèrébìnrin inú eré orí tẹlifíṣọ̀n tí àwa níbí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Lọ́dún 2007, Floyd Mayweather wọlé. Wọ́n ti dá a padà sílé tipẹ́ kí Hélio Castroneves, ọmọ Brazil tó ń fi mọ́tò sáré ìje, tó gbégbá orókè. Ní December ọdún yẹn kan náà ni Mayweather na Ricky Hatton dákú ní Las Vegas. Ẹsẹ̀ kan náà ni o, ringi gbà á, ilẹ̀ ijó ò gbà á. Lọ́dún 2008, Kim Kardashian ò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Brooke Burke ló borí.

Ṣé ẹ ti ń rí i? Ọ̀tọ̀ lẹni tórúkọ ẹ̀ ròkè jù, ọ̀tọ̀ lẹni tó gba ife. Ìdí ẹ̀ ni pé àwọn tó ń wo ètò náà nílẹ̀ ibẹ̀ ló ń dìbò. Bí gbogbo Áfíríkà bá mọ̀ ọ́, tí gbogbo Éṣíà ń pariwo orúkọ ẹ, àwọn yẹn ò ní kádìí ìbò lọ́wọ́. Ìkejì, àwọn òǹwòran fẹ́ràn ẹni tí wọ́n rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ láìmọ nǹkan kan, tó sì ń dáa sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìkẹta, ẹsẹ̀ làwọn onídàájọ́ ń wò, wọn ò wo orúkọ.

Ẹ wá jẹ́ ká pa dà sí ìjà inú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó jẹ́ kí ìjà náà má lójútùú ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ ṣọ̀kan.

Àkọ́kọ́: ta ló gbajúmọ̀ jù lọ́jọ́ tó ń jó? Níbẹ̀, bábà ló jàre. Nígbà tí Zendaya jó lọ́dún 2013, ọmọ ọdún 16 ni, àwọn ọmọdé tó ń wo Disney ló mọ̀ ọ́n. Ipò kejì ló ṣe, Kellie Pickler tó ń kọrin ló borí ẹ̀. Kim náà, lọ́dún 2008, ọdún tó ṣáájú ni ètò ìdílé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Holyfield ti gba bẹ́líìtì àgbáyé léraléra kó tó wọ bàtà ijó.

Ìkejì: ta ló gbajúmọ̀ jù lónìí? Zendaya ti ṣe Spider-Man, ó ti ṣe Dune, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy lọ́dún 2020 àti 2022. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fi Instagram wọ̀n ọ́n, àwọn tó ń tẹ̀lé Kim pọ̀ ju tiẹ̀ lọ. Mo gbé e fún Kim. Ẹni tó bá bínú kó máa bínú.

Ìkẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ: ta lorúkọ ẹ̀ máa pẹ́ jù? Lọ́dún 2010, baba ẹni ọgọ́rin ọdún kan jó nínú ètò yìí. Buzz Aldrin lorúkọ ẹ̀, ẹnì kejì tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, lọ́dún 1969. Wọ́n tètè dá a padà sílé. Àmọ́ nígbà tí kò bá sí Instagram mọ́, orúkọ baba yẹn á ṣì wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

Mo wá bi àwọn ọmọ náà ní tèmi: "Ṣé ẹ mọ Ore Oduba?" Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan ní, "Ṣé olórin ni, ẹ̀gbọ́n?"

Kì í ṣe olórin. Ìlú London ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá, kò ní bèèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Ìròyìn eré ìdárayá ló ń kà lórí BBC tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2016, ó wọ Strictly. Ẹ wo àwọn tó bá níbẹ̀: Anastacia, olórin Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, Will Young tóun náà ń kọrin, Greg Rutherford tó gba góòlù ní Olympics 2012, Ed Balls tó ti ṣe mínísítà rí. Ní December, òun àti Joanne Clifton tó ń kọ́ ọ níjó ni wọ́n gbé ife náà lé lọ́wọ́. Ẹni tó lórúkọ kékeré ló lé àwọn olórúkọ ńlá wọ̀nyẹn délé. A mọ ẹni tí Kim fẹ́ àti ẹni tó kọ̀ sílẹ̀, a ò mọ ọmọ wa tó gba ife.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ àǹtí mi kan wà tó ń jó. Ó mọ ijó, mi ò purọ́. Tó bá jó níbi ìnáwó ní Kútọ̀ tàbí Ọbáńtokò, owó á bo ojú ẹ̀. Ó ku sáà kan kó parí ND, ó wá sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun ò lọ mọ́, TikTok ló kù. Ìyá ẹ̀ ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti gbajúmọ̀, owó á máa wá mi wá."

Mo ní kó wo irú ètò yẹn dáadáa. Ẹni tó ti gbajúmọ̀ níbòmíràn ni wọ́n ń pè wá jó. Oníjó gan-an ló ń kọ́ ọ, orúkọ olókìkí ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pè. Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà, Fẹlá ọmọ Abẹ́òkúta ńkọ́? Lọ́dún 1978, ó gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan, oníjó àti elégbè lọ́pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló ń jẹ́ kí ìtàgé ẹ̀ gbóná. Mélòó nínú wọn lẹ lè dárúkọ?

Ọ̀nà wà ṣá. Kaffy, Kafayat Shafau, ijó gan-an ló fi lórúkọ. Lọ́dún 2006, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jó fún wákàtí 55 àti ìṣẹ́jú 40, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dá iléeṣẹ́ ijó tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn èèyàn, ó ń bá àwọn olórin ṣiṣẹ́. Kò jókòó de ẹni tó máa wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe, orúkọ ló tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà gbọ́ mi délẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ parí Poly, ṣé ẹ gbajúmọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní rárá, mi ò gbajúmọ̀. Mo ní ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń jẹun láti ọdún yìí wá, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìbò gbà á lọ́wọ́ mi. Kò dáhùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì san owó iléèwé, kò sì tíì sọ pé òun ò ní san án. Ìyá ẹ̀ ti tọ́jú owó náà, ó ń retí ohun tó máa sọ.

Bábà mi ní Pansẹ́kẹ́, ẹ jàre fún ọdún 2005. Ẹ̀yin ọmọ yẹn, tó bá di lónìí, Kim ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ jiyàn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Ore Oduba sí i.